Bí A Ṣe Ń Sọ Ilé Bàbá Di Ibùgbé Oníṣẹ́ Ọnà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ilé pọ̀ ní Ìjẹ̀bú tó jẹ́ pé Iléyá àti Kérésì nìkan ni wọ́n ń ṣí fèrèsé rẹ̀. Bàbá ti lọ, àwọn ọmọ wà ní Èkó àti ìlú òyìnbó, aṣọ́lé nìkan ló ń gbá ìta. Irú ilé bẹ́ẹ̀ dára fún rẹ́sídẹ́ńsì, ìyẹn ètò tí oníṣẹ́ ọnà fi ń wá gbé níbì kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n á fún un ní yàrá, ibi iṣẹ́ àti owó ọwọ́, kó lè ráyè ṣe iṣẹ́ tí wàhálà ilé rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣe. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù lágbègbè wa ni ilé oko G.A.S. (Guest Artists Space) tí oníṣẹ́ ọnà Yinka Shonibare dá sílẹ̀ ní Ikise, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n ṣí ní 2022, lórí ilẹ̀ ékà 54 tí wọ́n ń dáko sí. Ẹ má wo ìyẹn kí àyà yín já. Yàrá ìsùn méjì àti gáréèjì kan tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Omi tó gbẹ ní ọjọ́ kẹta, iná tó kú nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù, àti àìsí ẹni tó máa mú àlejò lọ bá ìyá aláṣọ òfì, àwọn ló ń ba rẹ́sídẹ́ńsì jẹ́. Orí wọn ni a máa pẹ́ sí jù.

Ẹ kọ́kọ́ bá mọ̀lẹ́bí parí ọ̀rọ̀

Ilé bàbá kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí ìdí igi mẹ́ta bá ló ilé, kí aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé. Ẹ má fi mọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tí ẹ jọ mọ ojú ara yín. Kí ìwé náà sọ iye ọdún. Ọdún 3 ló kéré jù, torí owó tó máa wọlé sórí iná àti omi kò lè padà bọ̀ láàárín ọdún kan. Kó sọ yàrá tí mọ̀lẹ́bí ṣì máa ń lò nígbà ọdún, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òkú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Bí ìnáwó òkú bá bọ́ sí àárín ètò yín, kánópì á bo gbogbo àgbàlá, wọ́n á so màlúù mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́, ìlù á bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kò ní dákẹ́ títí di ọjọ́ Àìkú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé mọ̀lẹ́bí á sọ fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, pé wọ́n á gba òtẹ́ẹ̀lì fún àlejò fún òru mẹ́ta, àti pé ẹnikẹ́ni kò ní fi yàrá iṣẹ́ kó àga àti ìkòkò ìnáwó pamọ́. Ẹ̀kọ gbígbóná kan tó dà sórí bébà tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yà, kò sí bí a ṣe lè bẹ̀ ẹ́.

Yàrá iṣẹ́

Gáréèjì ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 20 tó fún ayàwòrán kan. Agbẹ́gilére àti ẹni tó ń jó irin nílò ìta tí òrùlé bò, kí eruku àti iná wẹ́ńdà má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Kí ilẹ̀kùn fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kí àjà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Kánfáàsì ńlá lè dẹ̀gbẹ́ kó fi jáde, ère kò lè dẹ̀gbẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ló gba ọgbọ́n. Ìwé òyìnbó á sọ fún yín pé kí fèrèsé yàrá iṣẹ́ kọjú sí àríwá. Lọ́dọ̀ tiwọn, oòrùn kì í gba apá àríwá lọ́sàn-án, ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ fi máa ń tutù, tí kì í yí padà. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, bí ọ̀sán bá pọ́n gangan, apá àríwá ni oòrùn wà ní Ìjẹ̀bú. Oṣù yòókù ló máa ń wà ní gúúsù. Nítorí náà, àríwá tàbí gúúsù, èyíkéyìí nínú méjèèjì dára bí òrùlé bá yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà 3 lókè fèrèsé, torí oòrùn ọ̀sán wa ga, ìbòjú òrùlé á ká a mọ́. Ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ni kò dára: oòrùn ibẹ̀ máa ń wá nísàlẹ̀, á gba abẹ́ òrùlé wọlé, á sì bá ògiri iṣẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ni fèrèsé wà, ẹ ta aṣọ tẹ̀ẹ́rẹ́ funfun sí i.

Ọ̀nà àtidán an wò kò le. Ẹ tẹ́ bébà funfun sí ibi tí wọ́n máa ti ṣiṣẹ́, kí ẹ na ọwọ́ sókè rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí etí òjìji ọwọ́ bá mú bí ọ̀bẹ, oòrùn ń wọlé tààrà. Bí òjìji bá rọ̀, tí etí rẹ̀ kò ṣe é tọ́ka sí, ibẹ̀ dára. Ẹ ṣe é ní aago 8, aago 12 àti aago 4.

Fún alẹ́, gílóòbù LED ni kí ẹ rà, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà. Ẹ wá nọ́ńbà 4000K tàbí 5000K lára páálí rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, àti CRI tàbí Ra 90 sókè, èyí tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe máa hàn bó ṣe rí gan-an tó. Bí gílóòbù yẹ́lò kan bá dàpọ̀ mọ́ funfun mẹ́ta, pupa tí ayàwòrán pò lálẹ́ á di nǹkan mìíràn tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ògiri: ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa kan ìṣó mọ́ sìmẹ́ńtì. Kí kápẹ́ńtà kan igi 2 sí 2 mọ́ ògiri, kó wá kan páláńkì pẹlẹbẹ tí a ń pè ní pláíwúùdù, èyí tó nípọn tó ìdajì ínǹṣì, mọ́ igi náà. Pláíwúùdù kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8. Ògiri tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16, tó ga ní 8, máa gba mẹ́rin. Ẹ fi ọ̀dà funfun tí kò dán kùn ún, kí ẹ sì tún un kùn lẹ́yìn àlejò kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀: sìmẹ́ńtì lásán. Táìsì ń yọ̀, ó sì ń tan àwọ̀ rẹ̀ sórí iṣẹ́.

Iná

Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣírò rẹ̀. Gílóòbù 6 tó jẹ́ wáàtì 15 jẹ́ 90. Fáànù 2 tó jẹ́ wáàtì 70 jẹ́ 140. Kọ̀ǹpútà alágbèéká, 65. Fíríìjì kékeré, 100. Fóònù àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, 25. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 420. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó fún wákàtí 8 láìsí iná NEPA, 420 lọ́nà 8 jẹ́ wáàtì-wákàtí 3,360.

Bátìrì olómi tó jẹ́ 12V, 200Ah, wáàtì-wákàtí 2,400 ló wà nínú rẹ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbọ́kàn lé. Bí ẹ bá ń fà á kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kì í pẹ́ kú. Ínfátà fúnra rẹ̀ náà á jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Bátìrì méjì á gbé ẹrù yẹn fún nǹkan bíi wákàtí 5, lẹ́yìn náà ínfátà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mẹ́rin ló máa gbé e dé wákàtí 8 tí á sì ṣẹ́ kù díẹ̀. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tó jẹ́ 5kWh fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ mẹ́rin yẹn, torí ó ṣe é fà dé ìdá 90 nínú 100. Owó rẹ̀ wọ́n, àmọ́ ó máa ń pẹ́.

Áyọ́ọ̀nù ni ọ̀tá ínfátà. Alábẹ́là tó ń ṣe àdìrẹ máa ń fi áyọ́ọ̀nù yọ àbẹ́là kúrò lára aṣọ, áyọ́ọ̀nù sì lè fa wáàtì 1,000 sí 2,000. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ínfátà, gbogbo ilé ṣókùnkùn. Kí oníná ya sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ tó ń gbóná sọ́tọ̀, kí ó wà lórí NEPA àti jẹnẹrétọ̀ nìkan, kí ẹ sì fi ọ̀dà pupa kùn ún kí àlejò má bàa ṣì í lò. Ààrò oníná tí wọ́n fi ń sun ìkòkò, ẹ má tilẹ̀ dá a lábàá bí iná yín kò bá dúró ṣinṣin. Ẹni tó ń mọ amọ̀ lè sun ún pẹ̀lú igi ní gbangba bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é.

Jẹnẹrétọ̀ 3.5kVA tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ máa ń mu nǹkan bíi líta epo kan ní wákàtí kan. Wákàtí 4 lójúmọ́ fún ọjọ́ 42 jẹ́ líta 168. Ẹ fi 30 kún un. Kó jìnnà sí fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹ má gbé e sí bárándà láé. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn lójú oorun.

Omi, àti ohun tó ń bá omi lọ

Ènìyàn kan máa ń lo bíi líta 80 lójúmọ́. Àlejò méjì àti ìyá alásè jẹ́ 240. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ aláró, ẹ fi 200 kún un, ó di 440. Táńkì 2,000 kò ní ju ọjọ́ 4 lọ. Bí bọ́hòlù bá gbára lé iná NEPA, táńkì méjì ni kí ẹ gbé sókè.

Kí aláró tó dé, ẹ yẹ omi wò fún ìpẹtà irin. Ẹ pọn ọ́n sínú ike funfun, kí ẹ má dé e, kó sun títí di ọjọ́ kejì. Bí ìsàlẹ̀ ike bá pupa bí àpáàdì, irin wà nínú rẹ̀. Omi bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí àwọ̀ ṣókùnkùn, yẹ́lò á di àwọ̀ ilẹ̀, aláró á máa rò pé òun ló pò ó ṣì. Omi òjò tí ẹ gbà sínú dúrọ́ọ̀mù mímọ́ ló dára jù fún aró. Láti oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá, òjò Ìjẹ̀bú kì í wọ́n wa.

Kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì tí àwọn aláró ń lò, ẹ jẹ́ kí òfin wà lórí wọn. Kọ́sítíìkì ni wọ́n ń dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé e lórí, ó lè hó ta sí i lójú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgúnpá, gíláàsì ojú, gbangba ìta. Háídírọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kan omi nínú ike rẹ̀, torí bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́ ó lè fúnra rẹ̀ gbiná. Ẹ gbé e sókè, ẹ dé e pa, kó má sì sí nítòsí ilé ìdáná.

Ibi ìfọwọ́ yàrá iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọ sọkawéè tààrà. Amọ̀ àti sìmẹ́ńtì funfun á dì sínú páìpù, ẹ máa fọ́ ilẹ̀ kẹ́yìn ni. Ẹ to ike ọ̀dà líta 20 mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn lábẹ́ ìfọwọ́. Omi á bọ́ sínú èkíní, ìdọ̀tí á rọ̀ sísàlẹ̀, omi òkè á gba páìpù tó wà nítòsí ẹnu ike lọ sí èkejì, láti ibẹ̀ sí ẹ̀kẹta, kó tó jáde. Ẹ da ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ síta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó gbẹ lóòrùn, kí ẹ kó o dànù. Tapẹntáìnì kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀ rárá: ẹ jẹ́ kó tòrò nínú ìgò, kí wọ́n tún èyí tó mọ́ lò, kí ẹ dé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú agolo.

Kò sí ohun tó burú tó àkísà epo línsíìdì. Bí wọ́n bá ká a jọ gbìmùù sí igun yàrá, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó gbiná láìsí ìṣáná. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí okùn níta tàbí kí wọ́n rì í sínú omi ní alaalẹ́. Ẹ kọ èyí sára ògiri ní lẹ́tà gbàǹgbà.

Òjò, ọyẹ́, ikán

Ní àkókò òjò, bébà máa ń wú, kánfáàsì á rọ̀ bí aṣọ àgbàlagbà, èbu á sì hù lẹ́yìn àwòrán tó fara kan ògiri ìta. Ẹ gbé bébà sókè ìlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ààyè ìka mẹ́rin wà láàárín rẹ̀ àti ògiri, kí fáànù máa fẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dà akírílíìkì kì í tètè gbẹ nígbà yẹn. Ní ọyẹ́, ó máa ń gbẹ kó tó kúrò lórí bọ́rọ́ọ̀ṣì, igi tútù á là, amọ̀ á sán. Ẹ fi nálọ́ọ̀nù bo amọ̀, ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ikán ní tirẹ̀ kò mọ àsìkò: ère igi kò gbọdọ̀ sùn sórí ilẹ̀ lásán, búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ gbé e lé.

Àsìkò tí ẹ máa pe àlejò

Ọ̀sẹ̀ 6 la rò pé ó dára jù. Ọ̀sẹ̀ 4 kúrú, torí èkíní á lọ sí ìmọ̀jú, ìkẹyìn á lọ sí dídì ẹrù.

Ẹ gbé kàlẹ́ńdà ọdún ìbílẹ̀ síwájú kí ẹ tó mú déètì. Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, ó sì ń fi bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Àlejò tó bá wà nílé nígbà yẹn á rí ẹṣin, aṣọ àti régbérégbé (àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) tí kò ní gbàgbé, ṣùgbọ́n kò ní ṣe iṣẹ́ kankan lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde á dí, mọ̀lẹ́bí á sì gba yàrá wọn padà. Ẹ fi í sí àárín ètò. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi parí.

Agẹmọ, ọdún òrìṣà àwọn Ìjẹ̀bú, gba sùúrù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn Ọlójà mẹ́rìndínlógún, ìyẹn àwọn olórí Agẹmọ, bá ń lọ sí Ìmọ̀sán, obìnrin kì í wo Agẹmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá kéde Orò ní Ṣàgámù, Ìpẹru tàbí ìlú Rẹ́mọ mìíràn, obìnrin kì í jáde. Bí àlejò yín bá jẹ́ obìnrin, ẹ sọ fún un nínú lẹ́tà ìpè, kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, iye ọjọ́ tó lè wà nínú ilé. Ẹ bi baálẹ̀ tàbí olórí àdúgbò, wọ́n mọ déètì ṣáájú rédíò. Kí oúnjẹ, omi àti epo ti wà nílé. Ẹni tó mọ̀ ṣáájú á fi ọjọ́ yẹn ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n já bá lójijì á rò pé ẹ ti òun mọ́lé ni.

Ọjọ́ ìdé náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí ìsìn Redemption Camp. Ìrìn wákàtí méjì láti Èkó dé Ìjẹ̀bú-Òde lè di ti ọ̀sán gbogbo. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, àárọ̀, ló dára.

Ìpè àti yíyàn

Ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀mù kúrú: ọ̀rọ̀ 300, àwòrán iṣẹ́ 10, ìdáhùn sí ìbéèrè kan: kí lo fẹ́ rí ní Ìjẹ̀bú tí o kò lè rí níbòmíràn? Ìbéèrè yẹn á yọ ìdajì kúrò fún yín. Ẹni tó bá kọ pé òun fẹ́ ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ nìkan, Ìjẹ̀bú kọ́ ló ń wá. Ènìyàn mẹ́ta ni kó yàn, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ agbègbè náà. Ẹ sọ ohun tí ẹ kò ní láìfi bò: bí kò bá sí ààrò, ẹ kọ ọ́ pé kò sí. Ọmọ ilẹ̀ ECOWAS kò nílò físà fún ọjọ́ 90. Gbogbo ẹni tó ń ti òkè òkun bọ̀ nílò káàdì yẹ́lò fífà àti oògùn ibà.

Ìwé àdéhùn àti owó

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti 2022, ìyẹn Copyright Act, fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, àfi bí ìwé bá sọ nǹkan mìíràn, ẹ̀tọ́ náà sì wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Pé ẹ fún un ní oúnjẹ àti yàrá kò sọ àwòrán rẹ̀ di tiyín. Bí ilé bá fẹ́ iṣẹ́ kan, ẹ kọ ọ́: iṣẹ́ mélòó, ta ló máa mú un, ìgbà wo. Àṣà “fi ọ̀kan sílẹ̀ fún wa nígbà tí o bá ń lọ” ń fa ìbínú, torí èyí tó burú jù ni wọ́n máa fi sílẹ̀, tàbí kí ẹ mú èyí tó dára jù, kó má sì sọ̀rọ̀. Ẹ tún kọ ìdá tí ilé máa gbà bí iṣẹ́ bá tà ní ọjọ́ ìṣíde (ọjọ́ tí wọ́n máa ń fi iṣẹ́ han aráàlú), ẹni tó lè gbé fọ́tò síta, àti ẹni tó ń sanwó bí nǹkan bá bàjẹ́.

Iye náírà ń yí lójoojúmọ́, nítorí náà ìpín ni kí ẹ mú. Nínú 100, a máa ń pín in báyìí: 30 owó ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà, 15 ohun èlò, 15 oúnjẹ, 12 iná àti epo, 10 oníṣẹ́ ọwọ́ tó máa bá a ṣiṣẹ́, 8 ọkọ̀, 10 fún ohun tí ojú kò rí. Ẹ má fi ọwọ́ kan 10 ìkẹyìn yẹn kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Nígbà tí àlejò bá dé

Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú un lọ kí baálẹ̀. Obì àti ọtí, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa rà á. Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, kí ẹ sì kìlọ̀ fún un pé a kì í pe ìyá aláṣọ lórúkọ. Ìyá lágbájá ni, orúkọ ọmọ rẹ̀. Òyìnbó a máa rò pé orúkọ ni ìfẹ́. Oúnjẹ náà ní ọgbọ́n: ìkọ́kọrẹ́ fún àlejò tuntun dára, ṣùgbọ́n gaàrí Ìjẹ̀bú tó ti kan fún ọjọ́ mélòó, ẹ bi í bóyá ó ní ọgbẹ́ inú kí ẹ tó pò ó fún un.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ má retí iṣẹ́. Ọjà Òkè-Ajé, ìrìn ẹsẹ̀, ìsinmi. Pákó, irin, sìmẹ́ńtì, aṣọ àti wáyà wà ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù. Ọ̀dà inú túùbù àti bébà gidi, Èkó ni. Kí ó kọ ohun tó fẹ́ ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kó tó dé.

Bí ó bá fẹ́ rí Ẹrẹ́dò Súngbọ́, yàrà àti ògiri ilẹ̀ tó yí Ìjẹ̀bú ká fún bíi kìlómítà 160, tó jìn dé mítà 20 níbòmíràn, ẹ mú ẹni tó mọ ọ̀nà tó sì mú àdá dání. Bàtà tó ń di ilẹ̀ mú ni kó wọ̀; lẹ́yìn òjò, ẹ̀bá yàrà yẹn a máa yọ̀ bí ilá. Ní Òkè-Ẹ̀rí, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọ ibi ibojì Bílíkísù Súngbọ́. Ẹ sọ fún un nílé, kó má jẹ́ ẹnu géètì ló ti máa gbọ́.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọ̀pọ̀ wọn máa ń dákẹ́. Wọn kì í jáde jẹun, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ẹ má kàn án. Kí ìyá alásè gbé abọ́ tí wọ́n dé sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, kó padà wá gbé abọ́ òfìfo lálẹ́. Bí abọ́ bá kún nígbà méjì tẹ̀léra, nígbà yẹn ni kí ẹ kanlẹ̀kùn.

Ìyá aláṣọ àti àwọn àgbà iṣẹ́

Aláwùṣọ, agbẹ́gilére, alágbẹ̀dẹ idẹ: wọn kì í ṣe ibi ìṣeré àlejò. Ọjọ́ tí ìyá aláwùṣọ bá fi kọ́ àlejò, aṣọ tirẹ̀ kò gùn sí i lórí òfì. Ẹ bi í ní iye tó máa ń pa lójúmọ́, ẹ san án lójúmọ́, lọ́wọ́ ara rẹ̀, kí oníṣẹ́ ọnà sì ra òwú tirẹ̀. Bí iṣẹ́ ìyá bá wọ inú iṣẹ́ àlejò, kí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri lọ́jọ́ ìṣíde, bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gba àṣẹ kí fóònù tó jáde. Ìtàgbè, aṣọ tí àwọn Òṣùgbó, ìyẹn ẹgbẹ́ àgbà awo, ń fi lé èjìká, kì í ṣe aṣọ ọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹdan, ère idẹ wọn, kì í ṣe ère orí tábìlì. Àlejò lè béèrè bí wọ́n ṣe ń hun ìtàgbè, kó má béèrè fún ọ̀kan láti gé sínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ìṣíde àti ìdì ẹrù

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 11 sí 3, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ pe àdúgbò kí ẹ tó pe àwọn ará Èkó, kí ẹ sì yẹra fún ọjọ́ tí òkú ńlá bá wà nílùú. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti àkàrà tó. Kí oníṣẹ́ ọnà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ní èdè tí ìyá alásè gbọ́, kí ẹnì kan máa túmọ̀ bó bá jẹ́ àjèjì.

Kánfáàsì tó máa rìnrìn àjò: ẹ ká a sára páìpù PVC ínǹṣì 6 tí àwọn púlọ́ńbà ń tà, ojú ọ̀dà ni kó wà níta. Bí ojú ọ̀dà bá wà nínú, yóò fún pọ̀, yóò wú, nígbà tí wọ́n bá tú u yóò sì sán. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi bo ojú rẹ̀. Nálọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ kan ọ̀dà, á lẹ̀ mọ́ ọn nínú ooru ọkọ̀. Ọ̀dà elépo tí kò tíì gbẹ, ẹ má ká a rárá. Kó fi sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ẹni tó bá ń gbé iṣẹ́ kọjá ẹnu ibodè, pàápàá ère igi tàbí idẹ, kó gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ National Commission for Museums and Monuments pé kì í ṣe ohun àtayébáyé. Àwọn aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfuurufú lè béèrè rẹ̀, ère tuntun tí wọ́n gbẹ́ ní oṣù tó kọjá sì lè jọ ti ọgọ́rùn-ún ọdún lójú wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, pẹ̀lú fọ́tò àti ìwọ̀n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ tó bá ń lọ, ẹ jọ ka irinṣẹ́: òòlù, ayùn, àkàbà, bọ́rọ́ọ̀ṣì ilé. Ẹ kọ ohun tó sọ nù, ohun tó fọ́, iye epo tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì, àti ohun tí ó sọ pé kò tẹ́ òun lọ́rùn, kí ẹ lẹ ìwé náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́, níbi tí ẹni tó máa tún ògiri kùn ti máa kọ́kọ́ rí i.